Ta ni dáwódú ilé yẹn? Ẹ kọ́kọ́ bèèrè

Arákùnrin wa tó kọ̀wé láti Leeds, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gba ilé fún màmá yín ní Yemẹtu n'Ìbàdàn kí wọ́n lè máa fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ìwòsàn UCH, tí éjẹ́ǹtì sì ní kí ẹ fi owó ọdún méjì ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Ẹtì: ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáwọ́ dúró ná. Àyà mi ń já bí mo ṣe ń ka ọ̀rọ̀ yín, torí ibi tí mo ti ṣubú gan-an nìyẹn lọ́dún 2022.

Òkèhò ni màmá tèmi ń gbé nígbà náà, dókítà ojú sì ní kí wọ́n máa wá ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ẹni tó bá ti wọkọ̀ láti Òkèhò dé Ìbàdàn rí mọ ohun tí mò ń sọ. Mo bẹ àbúrò ìyàwó mi pé kó bá wa wá ilé. Ó rí ilé alájà kan, yàrá mẹ́ta lókè, kànga nínú ọgbà. Mo wo gbogbo ẹ̀ lórí WhatsApp. Ọ̀gbẹ́ni kan jáde, ó ní bàbá òun tó ti dolóògbé ló kọ́ ọ, òun lòun ń mójú tó o. Kọ́kọ́rọ́ gbogbo yàrá wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ará ilé ń kí i. Kí ni mo tún ń wá? Mo san 800,000 náírà. Éjẹ́ǹtì yọ ìdá mẹ́wàá tiẹ̀, lọ́yà náà yọ tiẹ̀.

Ìyàwó mẹ́ta ni bàbá yẹn fẹ́. Ìdí mẹ́ta ló jogún ilé, ọ̀gbẹ́ni tó gbowó lọ́wọ́ wa sì ni àbíkẹ́yìn ìdí kẹta! Nígbà tó di oṣù kẹrin tí màmá mi ti ń gbébẹ̀, dáwódú, àkọ́bí ọkùnrin bàbá náà, dé láti Èkó pẹ̀lú àwọn àgbà ẹbí, wọ́n bá obìnrin tí wọn ò mọ̀ rí tó ń sá èlùbọ́ sókè ilé bàbá wọn. Wọn ò tilẹ̀ pariwo. Wọ́n ní, "Màmá, ẹ má bínú, owó yín ò dọ́dọ̀ wa." Ká tún owó san, tàbí ká kó jáde níparí oṣù.

Àbúrò ìyàwó mi gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Wọ́n ní kó ra ìwé tí wọn ó fi kọ ẹjọ́, ó rà á. Wọ́n ní kó mú owó epo ọkọ̀ wá, ó mú un wá. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó rántí pé ọ̀rọ̀ ẹbí ni, àwọn kì í dá sí ọ̀rọ̀ ẹbí. Ṣé kí wọ́n tó gba owó epo ni wọn ò mọ̀ ni? Mo pe ọ̀gá wọn láti Manchester níbí, ó ní, "Ọ̀gá Lọ́ńdọ̀nù, ẹ rántí wa o." Èmi tí mo ń ṣiṣẹ́ òru! Wọ́n máa ń ki Ìbàdàn pé níbi olè gbé ń jàre olóhun. Èmi ti rò pé oríkì lásán ni.

Ìyálé inú ilé yẹn ló gbà wá. Wọ́n rí bí màmá mi ṣe ń táràrà dé ìdí kànga, wọ́n ní kí ẹbí gba ìdajì. Mo tún san 400,000.

Nítorí náà, kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́, ẹ ní kí dáwódú fọwọ́ sí ìwé, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan láti ìdí kọ̀ọ̀kan náà fọwọ́ sí i. Bí éjẹ́ǹtì bá ní "ẹ fọkàn balẹ̀, ọmọ onílé ni", ẹ dá a lóhùn pé onílé lẹ ń wá. Ẹ rán ẹnì kan lọ bá obìnrin tó ń dín àkàrà lójúde lówùúrọ̀. Òun ló mọ iye ìdí tó wà nínú ilé náà, kì í ṣe lọ́yà. Tí apá yín bá ká Bódìjà, ilẹ̀ tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn àtijọ́ là ni ẹ́síteètì ibẹ̀, wàhálà ogún kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ tó ti Yemẹtu, àmọ́ owó ẹ̀ á gbọ́n yín lápò.

Ẹ tún wò ó bóyá odò wà nítòsí. Bí wọ́n bá ní àgbàrá kì í débẹ̀, ẹ bi wọ́n pé ìkún omi tó ṣẹlẹ̀ n'Ìbàdàn lóṣù kẹjọ 2011 ńkọ́? Ẹ bèèrè gbèsè orí mítà iná náà. Owó fífiránṣẹ́ àti ẹrù kíkó ò le, ẹ ó rí i ṣe.

Màmá mi ṣì wà níbẹ̀ dòní, ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi rìn lọ rí dókítà, ìyálé yẹn sì ti di ọ̀rẹ́ wọn. Ó ṣeé ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n tí éjẹ́ǹtì yẹn bá tún pè yín kó tó di ọjọ́ Ẹtì, ẹ ní ẹ fẹ́ rí dáwódú lórí fídíò. Bí ilé náà bá bọ́ torí ìyẹn, ẹ jẹ́ kó bọ́.