Owó fóònù ni, kì í ṣe owó ẹbọ: ìtumọ̀ ẹyọ owó tó wà lórí ibojì Frank Sinatra

Arábìnrin kan tó ń gbé ní Los Angeles fi ìbéèrè kan ránṣẹ́ sí mi. Ó ní òun àti ẹbí òun rin ìrìn àjò lọ sí Palm Springs nínú aṣálẹ̀ Kalifóníà, wọ́n sì yà sí itẹ́ òkú tí wọ́n sin Frank Sinatra, olórin ńlá nì, sí. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún méje, mú ẹyọ owó fàdákà kan lórí ibojì náà, ó sì fi í sápò. Nígbà tí wọ́n padà délé ni ẹnì kan nínú ìjọ wọn sọ fún un pé owó ẹbọ ni, pé owó ibodè tí àwọn gbajúmọ̀ Amẹ́ríkà máa ń san kí wọ́n tó rí ọ̀run wọ̀ ni, àti pé bí kò bá tètè wá nǹkan ṣe sí i, ohun tó ń ṣọ́ owó náà yóò máa tọ ọmọ náà lẹ́yìn. Ó wá bi mí pé kí ni ìtumọ̀ owó náà gan-an, kí sì ni kí òun ṣe.

Ọmọ mi, ìdáhùn rẹ yóò gùn díẹ̀, nítorí pé àlàyé tí wọ́n ṣe fún ọ bí mi nínú. N kò bá ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run jà. Ohun tí n kò lè fara mọ́ ni kí ènìyàn má mọ ìdí ọ̀rọ̀, kí ó wá fi ẹbọ dí ihò àìmọ̀ rẹ̀, kí ó sì máa dẹ́rù ba ìyá ọmọ lórí ẹyọ owó tí kò ju sẹ́ǹtì mẹ́wàá lọ. Ọdún 19 ni mo fi gbé ní Kalifóníà, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo sì ti dúró níwájú ibojì yẹn.

Kí a kọ́kọ́ tún ibì kan ṣe. Ibojì náà kò sí ní Palm Springs gẹ́gẹ́ bí gbogbo ènìyàn ti ń sọ. Cathedral City, ìlú tó fara kan Palm Springs, ló wà, ní ojú ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Ramon Road, Desert Memorial Park sì ni orúkọ itẹ́ náà. Aṣálẹ̀ ni gbogbo àgbègbè yẹn, nǹkan bíi 170 kìlómítà sí Los Angeles, ooru ibẹ̀ sì máa ń ju 40 lọ lórí ìwọ̀n Celsius nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn òṣèré Hollywood fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé oòrùn ń ràn níbẹ̀ nígbà tí òtútù bá mú níbòmíràn, kò sì jìnnà sí ibi iṣẹ́ wọn. Ẹni tó bá ń retí ilé ibojì ńlá tàbí ère òkúta kò ní rí i. Gbogbo òkúta ibẹ̀ ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀, tí ó sì bá koríko dọ́gba, ti olórin ńlá kò ga ju ti káfíńtà lọ, bí o kò bá sì tẹ orí wálẹ̀, o lè tẹ orúkọ ẹni tí ayé ń wárí fún mọ́lẹ̀ láìmọ̀. William Powell tó ṣe eré sinimá wà níbẹ̀, Busby Berkeley tó máa ń to àwọn oníjó bí òdòdó wà níbẹ̀, Frederick Loewe tó kọ orin eré orí ìtàgé wà níbẹ̀. Sonny Bono náà wà níbẹ̀, olórin tó di olórí ìlú Palm Springs ní ọdún 1988, tó sì wọ ilé aṣòfin àpapọ̀ lẹ́yìn náà, kí ó tó forí sọ igi níbi tó ti ń yọ̀ lórí yìnyín ní oṣù Kìíní ọdún 1998. Gbogbo wọn ní ìtàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn ni o béèrè.

Ẹni tó sọ̀rọ̀ owó ibodè fún ọ ti da ìtàn pọ̀ mọ́ra wọn. Àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ ni wọ́n máa ń fi ẹyọ owó sí òkú lẹ́nu, fún atukọ̀ tí wọ́n gbà pé ó ń gbé òkú sọdá odò. Kátólíìkì ni Sinatra, ọmọ àwọn tó ti Ítálì wá sí Amẹ́ríkà, ilé ìjọsìn Kátólíìkì kan ní Beverly Hills ni wọ́n sì ti ṣe ìsìn ìkẹyìn fún un ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 1998. Kò sí atukọ̀ kankan nínú ìgbàgbọ́ tí wọ́n fi sin ín. Mo tún ti gbọ́ àlàyé kejì, pé àwọn sójà Amẹ́ríkà ní àṣà kan tí wọ́n fi ń gbé ẹyọ owó sórí ibojì ẹlẹgbẹ́ wọn, tí dáìmù, ẹyọ owó sẹ́ǹtì mẹ́wàá, sì túmọ̀ sí pé ẹni tó gbé e síbẹ̀ bá olóògbé ṣiṣẹ́ ogun pọ̀. Àwọn sójà ní àṣà yẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n Sinatra kò ṣe sójà rí. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n sì ní kí ó máa lọ sílé, nítorí pé awọ etí rẹ̀ kan ti lu láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

Fetí sí èyí tó jẹ́ òtítọ́. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 1963, àwọn ajínigbé wọ yàrá òtẹ́ẹ̀lì kan ní etí adágún Tahoe, wọ́n sì gbé ọmọ Sinatra ọkùnrin lọ, ẹni tí wọ́n fi orúkọ bàbá rẹ̀ sọ, tí òun náà ń kọrin. Ọmọ ọdún 19 ni. Àwọn tó jí i gbé sọ fún bàbá pé àwọn kò ní bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù ilé, àfi lórí fóònù ìta, èyí tí wọ́n máa ń gbé sí ilé epo àti ẹ̀gbẹ́ títì, tí ènìyàn máa ń ju ẹyọ owó sínú rẹ̀ kí ó tó lè sọ̀rọ̀. Fojú inú wo ọkùnrin tí owó rẹ̀ kò lóǹkà, tí àwọn ààrẹ ń gbà lálejò, tó dúró ní ilé epo nínú òtútù oṣù Kejìlá, tó ń fi ìka wá ẹyọ dáìmù kiri inú àpò, tí àyà rẹ̀ ń já pé bí owó bá tán lọ́wọ́ òun, ohùn tó mọ ibi tí ọmọ òun wà yóò dákẹ́. 240,000 dọ́là ni wọ́n gbà kí wọ́n tó fi ọmọ náà sílẹ̀, ọwọ́ ọlọ́pàá sì tẹ̀ wọ́n kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ padà wálé láàyè. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, Sinatra kò tún jáde nílé láìsí dáìmù mẹ́wàá nínú àpò rẹ̀. Dáìmù mẹ́wàá, dọ́là kan péré ni. Nígbà tó kú ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún ọdún 1998, dáìmù mẹ́wàá ni wọ́n fi sí i lápò nínú pósí, pẹ̀lú ìgò ọtí Jack Daniel's kan, páálí sìgá Camel kan àti ẹ̀rọ ìṣáná Zippo. Tina, ọmọ rẹ̀ obìnrin, fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ pé bàbá àwọn kì í fẹ́ kí ó di dandan kí òun pe ènìyàn kí òun má sì rí owó fóònù. Àwọn ènìyàn gbọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹyọ owó sórí òkúta rẹ̀. Ohun tí ọmọ rẹ ṣà nìyẹn.

Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ì bá jà sí ìgò ọtí yẹn. Nígbà tí a fẹ́ tẹ́ bàbá mi sínú pósí, tí àbúrò mi fẹ́ ki agolo aáṣáà rẹ̀ bọ abẹ́ apá rẹ̀, màmá náà yọ ọ́ kúrò, ó tẹ̀ síwájú, ó sì wí fún òkú náà bí ẹni ń bá ọmọ tó ń lọ sílé ìwé sọ̀rọ̀ pé: “Má jọ̀kùn, má jekòló, ohun tí wọ́n bá ń jẹ lájùlé ọ̀run ni kí o máa bá wọn jẹ.” Ní ojú tiwa, aṣọ ni òkú ń gbé lọ, àwọn ọmọ àti àna ló sì ń mú un wá. Ẹbí Sinatra ṣe tiwọn bí ó ti tọ́ lójú wọn. Kí o má ṣe tìtorí pé ó yàtọ̀ sí tiwa pè é ní ẹbọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí gan-an nìyí. Ó dá mi lójú pé ohunkóhun tí a bá ti gbàgbé ìlò rẹ̀, ẹbọ la máa ń pè é. Ẹni tó dẹ́rù bà ọ́ kò ju ẹyọ owó sínú fóònù rí láyé rẹ̀, nítorí náà kò lè wá sí i lọ́kàn pé owó ìpe-ènìyàn ni. Ohun kan náà la ṣe fún owó ẹyọ tiwa. Lónìí, bí ọmọ Yorùbá bá rí owó ẹyọ mẹ́ta nílẹ̀, yóò fò sẹ́yìn, yóò ké “Jésù!”, bẹ́ẹ̀ ni owó tí àwọn ìyá ńlá rẹ̀ fi ra iyọ̀ àti epo lọ́jà ni. Ogójì ni wọ́n ń sín sí okùn kan, àádọ́ta okùn jẹ́ egbàá, egbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan. Láti ara kíkà owó yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú orúkọ òǹkà wa ti wá, tí a ṣì ń pe 20,000 ní ọ̀kẹ́ kan títí di òní. Ìyá àgbà tó tọ́ mi ní igbá owó ẹyọ kan lábẹ́ ibùsùn, èrè ẹ̀kọ tí ìyá tirẹ̀ tà lọ́jà ni. Nígbà tó kú, ọ̀kan nínú wa lọ pe oníwàásù wá, wọ́n gbàdúrà lé igbá náà lórí, wọ́n sì dà á sódò. Mo dúró létí odò náà, mo ń gbọ́ bí ó ti ń dún ṣàràràrà lórí òkúta. Ogún ìyá oníṣòwò ni wọ́n dànù bí èṣù. Ó ti lé ní ogójì ọdún, inú mi kò tíì rọ̀ sí i.

Bí o bá fẹ́ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè wa tó ṣí ibojì yẹn sílẹ̀, mú òwe tó ní “ẹni ọmọ sin ló bímọ.” Mo mọ̀ pé àwọn ènìyàn ti sọ ọ́ di òwe àríyá, tí wọ́n ń fi í gbé àwo orin jáde fún òkú olówó. Ìtumọ̀ rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Kí ọmọ wà láàyè lẹ́yìn òbí ni òwe náà ń tọrọ. Bàbá tí wọ́n jí ọmọ rẹ̀ gbé ti rí ojú kejì òwe náà fún ọjọ́ mélòó kan, ó sì gbé ìbẹ̀rù náà sápò fún ọdún 34, ó ń ró ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́. Ọmọ ló wá fi owó náà bá a wọ ilẹ̀. Wo àwọn tó yí i ká níbẹ̀ pẹ̀lú. Bàbá rẹ̀, Marty, wà níbẹ̀. Ìyá rẹ̀, Dolly, wà níbẹ̀, ẹni tó wọ ọkọ̀ òfuurufú kékeré ní Palm Springs ní ọjọ́ 6 oṣù Kìíní ọdún 1977, tó ń lọ sí Las Vegas láti lọ wo ọmọ rẹ̀ níbi tó ti fẹ́ kọrin, tí ọkọ̀ náà sì forí sọ òkè San Gorgonio. Ọmọ sin ìyá sínú aṣálẹ̀ náà, ó sì wá sùn tì í ní ọdún 21 lẹ́yìn rẹ̀. Jimmy Van Heusen tó kọ ohùn orin fún un kò jìnnà sí wọn, bẹ́ẹ̀ ni Jilly Rizzo, ọ̀rẹ́ rẹ̀ olóúnjẹ, tí ìjàǹbá ọkọ̀ pa ní ọjọ́ ìbí rẹ̀ ní ọdún 1992.

Àkọlé òkúta rẹ̀ àkọ́kọ́ wí pé èyí tó dára jù lọ ṣì ń bọ̀. Àkọlé orin ni, orin tó sì kọ gbẹ̀yìn lójú àwùjọ ni, ní Palm Desert tí kò jìnnà síbẹ̀, ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 1995. Òkúta mìíràn ti wà níbẹ̀ báyìí. Ohun tí wọ́n kọ sí i ni pé kí oorun bàbá ó móoru. Ọ̀rọ̀ ọmọ ti gba ipò ọ̀rọ̀ orin, èmi kò sì lè ka òkúta méjèèjì kí n má rántí “sùn re o” tí wọ́n kọ sí ibojì bàbá tèmi.

Ìgbà tí mo lọ gbẹ̀yìn, òwúrọ̀ kùtù ni, kí ooru tó dé. Bàbá arúgbó aláwọ̀ funfun kan ti ṣáájú mi débẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan, ó fi áńkáṣíìfù nu yanrìn kúrò lójú òkúta náà, ó sì tú owó jáde sí àtẹ́lẹwọ́. Ó ń fi ìka ya àwọn ẹyọ olówó gọbọi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ya ẹyọ pupa sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, títí tó fi rí dáìmù kan ṣoṣo. Òun nìkan ló gbé sílẹ̀, ó sì da ìyókù padà sápò.

Nítorí náà, ọmọ mi, má ṣe ètùtù kankan, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ rẹ láti bá ọ ṣe é. Sọ ìtàn bàbá àti ọmọ tí wọ́n jí gbé fún ọmọ rẹ bí ó ti yẹ kí ọmọ ọdún méje gbọ́ ọ. Sọ fún un pẹ̀lú pé ẹnì kan ló mọ̀ọ́mọ̀ gbé owó náà síbẹ̀ fún olóògbé, a kì í sì í mú ohun tí wọ́n fún ẹlòmíràn. Nígbà tí ẹ bá tún gba Ramon Road kọjá, òun ni kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá a padà. Bí ó bá ti ná an, wá dáìmù mìíràn fún un. Kí ó má lọ gbé ẹyọ sẹ́ǹtì kan síbẹ̀, nítorí fóònù ayé ìgbà náà kò gbà á.