Ẹ Bi Màmá Nọ́ọ̀sì: Kẹ̀kẹ́ Ológeere Ṣọ́jà Tó Ti Fẹ̀yìntì

ÌBÉÈRÈ: Màmá Nọ́ọ̀sì, mo kí yín o. Zaria ni mo ti kọ́ṣẹ́ ṣọ́jà ní 1988, mo sì fẹ̀yìntì ní 2023 nígbà tí ọdún márùndínlógójì mi pé. Mo bá ECOMOG, ọmọ ogun àpapọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, lọ sí Monrovia ní Làìbéríà ní 1992, mo sì lo ọdún mélòó kan ní Borno kí n tó padà sílé. Kubwa ni mo ń gbé báyìí. Mo ra kẹ̀kẹ́ ológeere tòkúnbọ̀ kan tí mo máa ń gùn láàárín àdúgbò láti aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí títí di aago méje, nítorí pé láti aago mẹ́ta òru ni ojú mi ti máa ń là sílẹ̀. Àwọn ọmọ mi ní mò ń dójú ti àwọn, wọ́n ní ẹni tó ti pàṣẹ fún ọmọ ogun kò yẹ lẹ́ni tí í wa kẹ̀kẹ́ kiri. Nígbà ọdún Kérésì tó kọjá, ọmọ aládùúgbò wa kan yin bángà. Kí n tó mọ̀, mo ti dojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ níwájú àwọn ọmọ-ọmọ mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Orúnkún ọ̀tún tún máa ń dùn mí bí mo bá sọ̀ kalẹ̀. Ṣé kí n pa kẹ̀kẹ́ náà tì ni? — Ṣọ́jà tó ti fẹ̀yìntì, Kubwa, Àbújá.

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú ewu ogun. Ẹ má pa kẹ̀kẹ́ yín tì. Ti ìtìjú àwọn ọmọ yín kò gba àkókò rárá: nígbà tí àwa wà lọ́mọdé, ọkùnrin tó bá ra kẹ̀kẹ́ ológeere, ńṣe ni ará ilé àti ará àdúgbò ń wá kí i pé ó kú ìnáwó.

Bángà yẹn ni ó gbà mí lọ́kàn. Kì í ṣe ojo ni ó gbé yín dojú bolẹ̀. Ara yín ti kọ́ ọ fún ọ̀pọ̀ ọdún pé ẹni tó bá dúró wo ibi tí ìró ìbọn ti wá lè má padà sílé. Nígbà tí wọ́n fún yín ní ìwé ìfẹ̀yìntì, etí yín gbọ́, ara yín kò tíì gbọ́. Ojú tó ń là láàárín òru, ara tó ń já sí ariwo òjijì, àti bí ẹ ṣe ń yan àsìkò tí ènìyàn kò pọ̀ lójú pópó láti jáde (èyí tí ẹ̀yin kò kà mọ́ àìsàn, ṣùgbọ́n tí mo rí nínú lẹ́tà yín), gbogbo rẹ̀ ni àwọn dókítà mọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọgbẹ́ tí ìpayà máa ń dá sí ọkàn, ó sì ní ìtọ́jú. Sísọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ni olórí ìtọ́jú náà, oògùn sì lè kún un. Ní Kàdúná, ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ wà ní Barnawa, ilé ìwòsàn àwọn ológun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí 44 sì wà nílùú kan náà. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rù ń bà yín kí wọ́n má baà pè yín ní wèrè, àwọn tó pẹ́ kí wọ́n tó wá ni mo rí tí ọ̀rọ̀ wọn le nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, nítorí pé ọtí ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi ń wá oorun. Oṣù mẹ́fà tí àwọn ológun máa ń fi gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìfẹ̀yìntì ní Oshodi, ní Èkó, ní ibùdó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945 fún àwọn tó ti ogun Hitler dé, wà fún iṣẹ́ ọwọ́. Kíkọ́ bí a ṣe ń sùn bí ará ilé gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kẹ̀kẹ́ yín ń ṣe ipa tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè dá iṣẹ́ náà ṣe. Ní bárékè, fèrè ni ó ń jí yín, ẹ sì mọ ibi tí ẹ ń lọ. Kẹ̀kẹ́ ti dá wákàtí kan ààbọ̀ padà fún yín nínú ìyẹn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú ṣe eré ìdárayá níwọ̀ntúnwọ̀nsì lọ́sẹ̀. Bí ẹ bá ń jáde lójoojúmọ́, ẹ ti ṣe ju ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ fún orúnkún yín ní ọjọ́ méjì ìsinmi. Mo fura pé ìjókòó kẹ̀kẹ́ náà ló rẹlẹ̀ jù. Ẹ jókòó sórí rẹ̀ kí ẹnì kan di kẹ̀kẹ́ mú, ẹ fi gìgísẹ̀ tẹ pẹ́dàlì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá: ó yẹ kí ẹsẹ̀ yín nà tán. Bí kò bá nà, ẹ gbé ìjókòó náà sókè díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa lo jíà tó fúyẹ́. Bí orúnkún bá ń wú, ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ ní aago márùn-ún ààbọ̀, nítorí náà ẹ so iná pupa mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, kí ẹ má sì gùn ún dé òpópónà ńlá tó ti Kubwa wọ ìgboro.

Kí Kérésì mìíràn tó dé, ẹ pe àwọn ọmọ-ọmọ yín jókòó, kí ẹ sọ ìdí tí bàbá àgbà fi dojú bolẹ̀ fún wọn. Ẹ kò ní láti dárúkọ òkú kankan.

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ọkọ mi pàdánù ẹsẹ̀ òsì lábẹ́ orúnkún ní Borno. Kì í fẹ́ jáde nílé mọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ó rí eré kẹ̀kẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n, ó béèrè bóyá òun náà lè gùn ún. Kí ni kí n dá a lóhùn? — Ìyàwó ṣọ́jà, Jọs.

ÌDÁHÙN: Ẹ ní ó lè gùn ún. Eré kẹ̀kẹ́ wà nínú ìdíje Invictus ti àwọn ológun tó fara gbọgbẹ́, èyí tó wáyé ní Düsseldorf, ní Jámánì, ní 2023, tí Nàìjíríà sì jẹ́ orílẹ̀-èdè Áfíríkà àkọ́kọ́ tó kópa nínú rẹ̀. Nígbà tí orúnkún rẹ̀ ṣì wà, ẹsẹ̀ àtọwọ́dá lè tẹ pẹ́dàlì. Kí ìyẹn tó bọ́ sí i, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń fi ọwọ́ wà wà nítòsí yín: ní Jọs níbẹ̀, àwọn aláàbọ̀ ara fúnra wọn ń jó irin pọ̀ láti ṣe é. Ẹ má lọ bá a wò ó o. Ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ lọ, kí wọ́n fi òun gan-an wọn kẹ̀kẹ́ náà, kí ó sì fẹnu ara rẹ̀ ná an.