Dúrọ́ọ̀mù onírin ló ń jẹ háídrójìn yín

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní dírínkà tí àwọn adìẹ yín fi ń mu omi ṣì ń yọ̀ bí ilá, bẹ́ẹ̀ háídrójìn pẹ̀rọ́ksáìdì, oògùn apakòkòrò tí ẹ pò nínú dúrọ́ọ̀mù onírin, lẹ fi ń fọ̀ ọ́, ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ pò ó kó tún le sí i. Ẹ má tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti gba ọ̀nà yẹn rí, owó kẹ́ẹ̀gì kan gbáko ló bá a lọ.

Èyí tí mo rà jẹ́ 35%. Inú dúrọ́ọ̀mù onírin tó ti dógùn-ún nísàlẹ̀ ni mo ti pò ó. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í hó, dúrọ́ọ̀mù gbóná, inú mi sì ń dùn pé oògùn ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí màá fi gbé e dé ìdí dírínkà, kò fẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí omi lásán mọ́. Ọwọ́ tí mi ò fi ìbọ̀wọ́ sí funfun bí ẹfun, ó sì ń ta mí bí ẹni tí wèrèpè bà.

Irin ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Háídrójìn pẹ̀rọ́ksáìdì yìí fara jọ omi gan-an, ìdí nìyẹn tó fi ń wọ ara bakitéríà wẹ́rẹ́. Nínú ibẹ̀ ló ti ń pàdé irin tín-ín-tín tí bakitéríà fi ń gbé ẹ̀mí ró. Irin yẹn á là á sí méjì, ohun tó sì ń ti ibẹ̀ jáde kì í pẹ́ láyé, ṣùgbọ́n ohunkóhun tó bá kàn ló ń bà jẹ́: ì báà jẹ́ DNA tó gbé àbùdá kòkòrò náà, ì báà jẹ́ ọ̀rá tó bo ara kòkòrò náà. Tó bá jẹ́ inú dúrọ́ọ̀mù ló ti pàdé irin ńkọ́? Ibẹ̀ náà ló máa parí sí, á di omi àti ọ́síjìn kó tó dé ọ̀dọ̀ bakitéríà kankan.

Híhó yẹn ló tàn mí jẹ. Ẹ da díẹ̀ sórí ẹ̀dọ̀ adìẹ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, á hó yàà, bẹ́ẹ̀ híhó ọ̀hún kì í ṣe àmì pé ó ń pa bakitéríà. Èròjà kan tó ń jẹ́ catalase, tó wà nínú ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀jẹ̀, ló ń fọ́ ọ sí omi àti ọ́síjìn. Ọ̀pọ̀ bakitéríà náà ní in, òun ni wọ́n fi ń gba ara wọn sílẹ̀. Bakitéríà tó ń jẹ́ Staphylococcus máa ń mú kó hó. Òmíràn, Streptococcus, kò ní catalase, kì í hó ní tiẹ̀. Ohun yíyọ̀ inú dírínkà yín, ìlú bakitéríà ni. Àwọn tó wà lókè á ti fọ́ oògùn náà tán kó tó kan àwọn tó wà nísàlẹ̀. Ìgbẹ́ àti oúnjẹ tó bọ́ sínú ẹ̀ á tún jẹ tiwọn.

Nítorí náà ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ló ṣáájú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo èyí: ẹ fọ̀ ọ́ títí kò fi ní yọ̀ lọ́wọ́ mọ́, kí ẹ ṣan ọṣẹ kúrò. Ẹ wá wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi nǹkan bo ojú, kí ẹ da ife 35% kan sínú ife omi 11, nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke. Á sún mọ́ 3%. Omi kànga ẹ̀rọ tó bá ń kun bọ́kẹ́ẹ̀tì ní pupa, irin ló wà nínú ẹ̀. Omi òjò tó mọ́ sàn jù ú lọ. Mo máa ń jẹ́ kí omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, torí ó ń yá ju omi tútù lọ. Ìṣẹ́jú 30 ni mo fi ń rẹ dírínkà sínú ẹ̀, èmi tí mo ti ń rì í bọ̀ yọ lójú ẹsẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ ṣàn án dáadáa kí adìẹ tó mu omi níbẹ̀.

Fínígà ń ràn án lọ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ má pò wọ́n pọ̀ sínú ìgò kan. Ohun tí wọ́n ń dà máa ń ta ojú àti imú, ó sì ń jó ara. Bílíìṣì ní tiẹ̀ kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn, ńṣe ni wọ́n máa sọ agbára ara wọn dòfo.

Kẹ́ẹ̀gì tí ẹ rà á sínú ẹ̀ náà ni kó wà, níbi tó tutù tí oòrùn kò dé. Ẹ má fi ọ̀rá di ìdérí ẹ̀ pa, afẹ́fẹ́ tó ń yọ nínú ẹ̀ lè bẹ́ kẹ́ẹ̀gì. Èyí tí ẹ bá sì ti bù jáde, ẹ má dà á padà.