Ẹ Fara Balẹ̀ Lórí Ìrun: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín

Ìbéèrè: Aṣọ ni mò ń tà n'Íbàdàn. Ìrun márààrún ni mò ń kí lójúmọ́, n kì í pa ọ̀kan jẹ. Síbẹ̀, bí mo bá sálámà (ìkíni tí a fi ń parí ìrun) tán, ọkàn mi kì í balẹ̀, àfi bí ẹni pé n kò kí nǹkan kan. Ṣé kí n máa fi ìrun òru kún un ni? *Ìyá Aláṣọ, Ìbàdàn*

Ìdáhùn: Ẹ má tíì fi nǹkan kan kún un, Ìyá. Èyí tí ẹ ń kí náà ni kí ẹ kọ́kọ́ kí kó délẹ̀.

Nínú hadiisi (ìtàn ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànábì Muhammad) tí Abu Hurayra, ọ̀kan nínú àwọn tó bá Ànábì gbé ayé, gbà wá, ọkùnrin kan wọ mọ́sálásí, ó kírun tán, ó wá kí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Ànábì ní kó padà lọ kírun, nítorí kò tíì kírun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dá a padà kó tó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ́ òun. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ kì í ṣe àdúà tuntun. Wọ́n ní kó ṣe rúkúù, ìyẹn títẹ̀ba, títí ara rẹ̀ yóò fi rọlẹ̀, kó dìde títí yóò fi nàró ṣánṣán, kó forí kanlẹ̀ títí ara yóò fi rọlẹ̀, kó sì jókòó bẹ́ẹ̀ náà. Ara ìrun gan-an ni ìfarabalẹ̀ yìí.

Ibi méjì ni ọ̀pọ̀ wa ti ń gé e jẹ: ìnàró lẹ́yìn rúkúù, àti ìjókòó láàrin ìforíkanlẹ̀ méjèèjì. Ẹ̀yìn ẹlòmíì ṣì tẹ̀ tí "Sami'allahu liman hamidah" (gbólóhùn tí a fi ń dìde láti rúkúù) ti tán lẹ́nu rẹ̀, tó sì ti ń lọ sílẹ̀. Ànábì kọ irú rẹ̀ fún wa, wọ́n fi wé bí ẹyẹ ìwò ṣe ń ṣá oúnjẹ.

Bí ẹ bá ṣe rúkúù, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ di orúnkún mú, kí ẹ̀yìn tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ẹ má tíì sọ nǹkan kan títí egungun yóò fi dúró sójú kan. Ìgbà náà ni kí ẹ wá ṣàfọ̀mọ́, "Subhana Rabbiyal Azim," lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ máa mí láàrin wọn. "Rabbana wa lakal hamd," orí ìnàró ni kí ẹ ti sọ ọ́ tán. Ní ìforíkanlẹ̀, nǹkan méje ló gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀: iwájú orí pẹ̀lú imú, ọwọ́ méjèèjì, orúnkún méjèèjì, àti ìka ẹsẹ̀ méjèèjì. Ìka ẹsẹ̀ yìí ni ìkánjú máa ń gbé sókè láìfura, ẹ jẹ́ kí ọmọ kan nílé bá yín wò ó. Āyà (ẹsẹ) méje ni Fátíhà, súrà àkọ́kọ́ nínú Kùránì, ní; ẹ dúró díẹ̀ ní ìparí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ahọ́n sì máa ṣiṣẹ́, torí kíkà inú ọkàn lásán kì í ṣe kíkà.

Ráká (ìpín ìrun kọ̀ọ̀kan) mẹ́rin tí a kí báyìí, bí ìṣẹ́jú méje tàbí mẹ́jọ ni. Ẹni tó ń sáré á fi mẹ́ta parí ẹ̀. Oníbàárà tí kò lè dúró ìṣẹ́jú mẹ́jọ, ó ṣòro kó dúró mẹ́ta náà.

Ìbéèrè: Awakọ̀ ni mí. Bí mo bá ti gbọ́ Iqamah (ìpè pé ìrun ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀), eré ni mo máa ń sá wọlé kí ráká má baà bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo máa ń mí hẹlẹhẹlẹ títí Lèmọ́mù á fi sálámà. *Awakọ̀, Ìlọrin*

Ìdáhùn: Ẹ má sáré mọ́. Àṣẹ Ànábì lórí èyí ò fara sin: bí ẹ bá gbọ́ Iqamah, ẹ máa rìn bọ̀ jẹ́jẹ́, ẹ kí èyí tí ẹ bá bá, ẹ parí èyí tó bá ti kọjá. Bí ẹ bá sì bá Lèmọ́mù ní rúkúù, tí ẹ tẹ̀ bá a kó tó gbórí sókè, ẹ ti rí ráká yẹn gbà.

Àlùwàlá ni eré náà máa ń bà jẹ́ jù. Nígbà kan tí àsìkò Alásàrí (ìrun ìrọ̀lẹ́) ká àwọn sàábé (àwọn tó bá Ànábì gbé ayé) mọ́ ojú ọ̀nà, wọ́n ń kánjú, wọ́n kàn ń fi omi pa ẹsẹ̀ lórí. Ànábì ké sí wọn, ó sì fi iná kìlọ̀ nítorí gìgísẹ̀ tí omi ò dé. Kì í sì í ṣe pé omi gbọ́dọ̀ pọ̀ o: ìwọ̀n omi àlùwàlá Ànábì kò ju nǹkan bí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan àtààbọ̀ lọ. Ẹ máa gbé omi sínú ọkọ̀, kí ẹ ṣe àlùwàlá ní gáréèjì kí wọ́n tó pe ìrun.

Ìbéèrè: Owó, fóònù, ọmọ, gbogbo rẹ̀ ló ń wá sọ́kàn mi lórí ìrun. N kì í mọ ráká tí mo wà mọ́. *Òṣìṣẹ́ ìjọba, Òṣogbo*

Ìdáhùn: Ẹ tètè wo ohun tó ṣáájú ìrun. Bí oúnjẹ bá ti wà nílẹ̀ tí ebi sì ń pa yín, ẹ jẹun ná. Bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n yín, ẹ lọ tọ̀. Ẹ pa fóònù, ẹ má kàn dá ohùn rẹ̀ dúró, torí gbígbọ̀n rẹ̀ lórí ẹní burú ju dídún lọ. Bí ẹ bá ṣiyèméjì bóyá mẹ́ta ni àbí mẹ́rin, ẹ mú mẹ́ta, ẹ kí ọ̀kan tó kù, kí ẹ ṣe ìforíkanlẹ̀ ìgbàgbé méjì lẹ́yìn sálámà. Ṣùgbọ́n bí ojoojúmọ́ bá ni iyèméjì yìí, ẹ má dá a lóhùn mọ́.

Ìbéèrè: Nọ́ọ̀sì ni mí ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà òtútù, Àyìlá (ìrun ọ̀sán), Alásàrí àti Màgàríbì (ìrun ìgbà tí oòrùn bá wọ̀) ń tẹ̀ lé ara wọn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré sì ni wọ́n fi ń jẹ́ ká sinmi. *Arábìnrin, Lọ́ńdọ̀nù*

Ìdáhùn: Lóòótọ́ ni. Láàrin oṣù Kejìlá, láti ìgbà tí Àyìlá bá wọlé títí oòrùn yóò fi wọ̀ kò pé wákàtí mẹ́rin, Alásàrí sì máa ń wọlé kí aago méjì tó lù. Ẹ bá ọ̀gá yín sọ ọ́ kí ìsinmi yín lè bọ́ sí nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú Alásàrí. Ẹ kí Àyìlá ní ìparí àsìkò rẹ̀, ẹ jókòó ṣe tẹ̀súbáà díẹ̀. Bí Alásàrí bá ti wọlé, ẹ dìde kí i. Àsìkò kálukú ni ẹ kí i sí. Ìrun ni ìsinmi náà wà fún, ẹ jẹun ṣáájú tàbí lẹ́yìn iṣẹ́.

Bí àyè bá há, súrà tí ẹ ń kà lẹ́yìn Fátíhà ni kí ẹ gé kúrú: Kaothara, āyà mẹ́ta ni. Ẹ lè fi nàfílà (ìrun àfikún) sílẹ̀ pẹ̀lú. Rúkúù àti ìforíkanlẹ̀ ni kí ẹ má fọwọ́ kàn. Ẹ gba ìwé àsìkò ìrun ní mọ́sálásí tó súnmọ́ yín, torí bí wọ́n bá sún aago síwájú ní ìparí oṣù Kẹta, Àyìlá yóò kọjá aago kan, Alásàrí yóò kọjá aago mẹ́rin, ẹ ó sì ní láti tún gbogbo rẹ̀ tò.