Pawapákì kọ̀ǹpútà bàbá wa kàn ń dún tí-tí-tí

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. IBM XT kan wà nílé wa ní Ìkẹ́rẹ́, bàbá wa ló gbé e ti London dé láyé ìgbà yẹn. Tí mo bá tàn án, fáànù á yí díẹ̀, á dúró, á máa dún tí-tí-tí. Wọ́n ní kí n ra pawapákì míì. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Àbúrò, fowó ẹ sápò ná. Pawapákì tó ń gbìyànjú tó tún ń kú bẹ́ẹ̀ lè má ní àìsàn kankan, ó lè jẹ́ pé ó rí ṣọ́ọ̀tì níbì kan ló ṣe ń pa ara ẹ̀. XT yìí, 1983 ló jáde, àwọn kapasítọ̀ tántálọ̀mù orí páńẹ́lì ẹ̀ ló sì máa ń ṣọ́ọ̀tì jù, àwọn kékeré tó dà bíi kóró ẹ̀wà tí wọ́n fẹsẹ̀ sí yẹn, pàápàá àwọn tó wà lórí 12V.

Yọ ọ́ kúrò lára iná, fa P8 àti P9, ìyẹn ẹnu wáyà méjì tó ti pawapákì wá, kúrò lórí páńẹ́lì, gbé mítà sí ohm. Lórí páńẹ́lì, píìnì 3 ti P8 ni +12, píìnì 5 ni gíráùn, fi ẹnu mítà kan àwọn méjèèjì. Tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 0, o ti rí i nìyẹn. Ṣùgbọ́n yọ àwọn káàdì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí o tún wọ̀n ọ́n o, torí káàdì náà ní tántálọ̀mù tiẹ̀, mo ti jókòó ti páńẹ́lì rí látàárọ̀ dalẹ́, káàdì ló ń yọ mí lẹ́nu. Má fojú wo tántálọ̀mù lásán, èyí tí mo yọ lọ́jọ́ yẹn ń dán bíi tuntun, mítà ló tú àṣírí ẹ̀.

10µF 16V ló máa ń wà níbẹ̀, 25V ni kí o fi rọ́pò ẹ̀. Sàmì síbi + kó o tó yọ ọ́: ìlà ara tántálọ̀mù, + ló ń fi hàn, ti kapasítọ̀ onígò ni –, ibẹ̀ ló ń mú àwọn ọmọ iṣẹ́. Tó o bá ń dá P8 àti P9 padà, wáyà dúdú ni kó kan dúdú láàárín, tó o bá gbé wọn sódì, páńẹ́lì lọ nìyẹn.

Tí kò bá sí ṣọ́ọ̀tì rárá, pawapákì ló kù. Má tan án lófìfo láìní ẹrù, ìyẹn nǹkan tó ń fa iná lára ẹ̀, kò ní dáhùn, wàá wá rò pé ó ti kú. Má sì ṣí i, ó lè ṣì ní 300V nínú lẹ́yìn tó o bá ti yọ ọ́ lára iná. Gbé e wá s'Ádó, kí bàbá náà bá ẹ wá tí wọ́n bá fẹ́, àga wà.