Kí ló dé tí ìyá àgbà fi ń pe ọmọ mi ní "ọkọ mi"?

Ìyá kan tó ń gbé Èkó ló béèrè. Ní họlidé gígùn yìí, Sátidé mẹ́rin ni òun àti ọkọ rẹ̀ fi kó àwọn ọmọ wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ fún ìnáwó ẹbí: òkú àgbà méjì, ìgbéyàwó kan, ìpàdé ẹbí kan. Níbi òkú àgbà kejì, ìyá kan tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún kúnlẹ̀ fún ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ ọdún 9, ó ní, "Àkànní ọkọ mi, ẹ káàbọ̀." Wọn kì í pè é ní Àkànní nílé. Ọmọ náà sá sẹ́yìn bàbá rẹ̀, ó ní òun ò fẹ́ fẹ́ ìyá àgbà. Lọ́jọ́ yẹn kan náà ni ọmọbìnrin ọmọ ọdún 17 kan ké sí òun alára pé, "Ìyàwó, àwọn àwo yẹn ò tíì tán o!" Inú bí i gan-an. Ó ní ṣé àṣà ni méjèèjì, àbí ìyájú wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ n ti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀, torí ti ọmọ ọdún 17 ló rọrùn. Ẹ ní ó di ọdún 11 tí ẹ ti ṣègbéyàwó. Ọmọ ọdún 6 ni nígbà tí wọ́n fi omi fọ ẹsẹ̀ yín lẹ́nu ọ̀nà ilé ọkọ yín. Ẹ bá a nílé ni, nítorí náà ọkọ yín ni. Nínú agboolé, "ọkọ" kì í ṣe ẹni tí ẹ jọ ń sùn nìkan. Gbogbo ọmọ tí ẹ bá nílé, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin, títí kan èyí tí wọ́n ṣì ń pọ̀n sẹ́yìn lọ́jọ́ tí ẹ wọlé, ọkọ yín ni wọ́n. A kì í fi ọjọ́ orí kà á. Ọjọ́ tí ìyàwó wọlé la fi ń kà á.

Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ṣàṣejù. Àwo fífọ̀ níbi ìnáwó, iṣẹ́ ìyàwó ilé ni lóòótọ́, mi ò ní parọ́ fún yín. Ìyáálé ló sì ń pín iṣẹ́ náà. Ọkọ kékeré lè pè yín ní ìyàwó, kò lè jókòó sórí àga kó máa ka àwo fún yín.

Ìyáálé pàápàá, kì í ṣe ẹni tó dàgbà jù. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ni. Ẹ sì má rò pé ìyẹn rọrùn láti mọ̀. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ti kún Tamale àti Kumasi, wọ́n ń ṣòwò, kí ìjọba Gánà tó lé àwọn àjèjì tí kò níwèé jáde ní ìparí ọdún 1969. Ní agboolé tiwa, ìyá kan ti ṣe ìyàwó ní Tamale lọ́dún 1964, àmọ́ ọdún 1969 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fojú kan agboolé. Òmíràn ti wọlé lọ́dún 1966, ó ti ń pín ẹran, ó ti ń pín aṣọ. Ta ni ìyáálé? Ẹni 1966 ní ẹsẹ̀ òun ló kọ́kọ́ tẹ ilé. Ẹni 1964 ní inú agboolé yìí ni wọ́n ti dá owó orí òun. Baálé dá a fún ẹni 1964. Ọdún 1994 lèmi wọlé, wọn ò tíì parí ẹ̀ nígbà náà: bí wọ́n bá ti ní "ìyáálé, ẹ wá gbé àwo ẹran," àwọn méjèèjì ni yóò dìde.

Ẹ padà sọ́dọ̀ ìyá tó kúnlẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó ti lé lọ́gọ́ta, kò ní ṣàì ti lo ogójì ọdún nínú agboolé yẹn. Ó ti wọlé tipẹ́ kí wọ́n tó bí ọmọ yín. Àṣà ò ní kó pè é ní ọkọ. Ó lè pe orúkọ rẹ̀ gbàgìrì, ó lè rán an níṣẹ́, kódà ó lè fà á létí. Kò sẹ́ni tó ní kó kúnlẹ̀, òun ló wù.

Ẹ bi bàbá ọmọ léèrè: ta ló ń jẹ́ Àkànní nílé yẹn ṣáájú? Mo fura pé bàbá àgbà ni. Ọkùnrin yẹn ni ìyá náà bá nílé, òun ni ọkọ tí kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀, tó ń kúnlẹ̀ kí láràárọ̀. Ó rí ojú kan náà lára ọmọ ọdún 9, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tẹ̀ kó tó rò ó. Àwọn ìyàwó ilé ló ń tọ́jú irú nǹkan báyìí. Oríkì ilé ọkọ, wọ́n mọ̀ ọ́n ju àwọn ọmọ ilé lọ, torí òun ni wọ́n fi ń jí wọn, òun ni wọ́n fi ń bẹ̀ wọ́n, òun náà ni wọ́n fi ń gba owó lọ́wọ́ wọn lójú agbo.

Bó bá ṣì ń dùn yín, ẹ rántí pé ẹ̀yin náà ní ilé bàbá. Tèmi wà lẹ́yìn ọjà Àkẹ̀sán ní Ọ̀yọ́. Bí mo bá débẹ̀ fún ìnáwó, àga ni wọ́n ń gbé fún mi. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, tí òun fúnra rẹ̀ fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ, a kúnlẹ̀, a ní, "Eyínfúnjowó, ṣé kí n bu ọkà?" N óò ní kó bù ú. Lọ́sẹ̀ kejì, èmi náà á ká aṣọ mi sókè nídìí àwo ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ọmọ ọdún 17 yẹn, ẹ sọ ọ́ lórúkọ. Ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé, ó ń fún un ní tirẹ̀ ni: Adúmáadán bó bá dúdú tó ń dán, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ bó bá tẹ́ẹ́rẹ́, Ìbàdíàrán bí ìdí bá wà níbẹ̀, Akọ̀wé fún ọkùnrin tó fẹ́ràn ìwé. Àbúrò ọkọ mi kan wà tó jẹ́ ọmọ ọdún 12 nígbà tí mo dé. Ó máa ń rán mi níṣẹ́ bí ọ̀gá. Mo sọ ọ́ ní Awẹ́lẹ́wà, ojú tì í, ó dìde, ó gba kànrìnkàn lọ́wọ́ mi. Ọmọ tirẹ̀ ti wọ yunifásítì LAUTECH báyìí, Awẹ́lẹ́wà náà ni mo ṣì ń pè é, òun ló sì máa ń ra aṣọ ẹbí mi kí n tó béèrè iye tí wọ́n ń tà á.

Ní ti Àkànní, ọkọ kì í gba ìkúnlẹ̀ ìyàwó kó má na ọwọ́. Bí ẹ bá tún ń bọ̀ ní Sátidé, kí bàbá rẹ̀ ti kó owó péépèèpé sí i lápò kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò.