Bí A Kò Bá Lè Sọ Ọjọ́ Tí Ilẹ̀ Yóò Mì, Kí Ni Iṣẹ́ Wa?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọdún kejì ni mo wà nínú ẹ̀kọ́ físíìsì, ìmìtìtì ilẹ̀ ni ó sì wù mí láti máa ṣèwádìí rẹ̀. Bàbá mi kò fẹ́. Wọ́n ní, "Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn kò lè sọ ọjọ́ tí ilẹ̀ yóò mì. Èrè wo ló wà níbẹ̀?" N kò rí èsì fọ̀. Kí ni kí n sọ fún wọn? Kí sì ni kí n kọ́? — Akẹ́kọ̀ọ́ Físíìsì

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, òótọ́ ni bàbá rẹ sọ, má bá wọn jiyàn. Ọdún 31 ni mo ti lò lẹ́nu iṣẹ́ yìí, n kò sì sọ ọjọ́ kan rí. Àwọn àgbà wa gbìyànjú rẹ̀ ní Parkfield, ní California. Ilẹ̀ ibẹ̀ mì ní 1857, 1881, 1901, 1922, 1934 àti 1966. Bí o bá ṣírò rẹ̀, bí ọdún 22 ló wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Wọ́n ní òmíràn yóò wáyé ní nǹkan bí 1988, bó pẹ́ títí 1993. Wọ́n ri ẹ̀rọ tó ń ṣàkọsílẹ̀ bí ilẹ̀ ṣe ń mì káàkiri ibẹ̀, wọ́n ń ṣọ́ ọ. 1993 dé, ó kọjá. Ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án 2004 ni ilẹ̀ tó mì. Àmọ́ ẹ̀rọ ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, àkọsílẹ̀ tí a rí gbà kò ṣeé fowó rà.

Ohun tí à ń wá ni ibi tí ilẹ̀ ti lè mì, bó ṣe lè le tó, àti bó ṣe máa ń pẹ́ tó kó tún tó mì. Èèpo ayé pín sí awẹ́-awẹ́, awẹ́ wọ̀nyí sì ń rìn díẹ̀díẹ̀ bí èékánná ṣe ń hù. Níbi tí méjì bá ti há mọ́ra, agbára á máa gbá jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí àpáta yóò fi yọ̀ lójijì.

Sọ ìtàn yìí fún bàbá rẹ. Ní etíkun ìpínlẹ̀ Washington àti Oregon, ní ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, kò sí ìwé kankan tó sọ pé ilẹ̀ ibẹ̀ ti mì burúkú rí. Àwọn ọmọ onílẹ̀ nìkan ló ní ìtàn àtẹnudẹ́nu nípa alẹ́ kan tí ilẹ̀ mì, tí òkun sì gbá abúlé lọ. Nígbà tó yá, Brian Atwater, onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta, bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹrẹ̀ etí omi níbẹ̀. Ní 1987 ó kọ ọ́ jáde pé ilẹ̀ tí koríko ń hù lórí rẹ̀ ti rì lójijì, iyanrìn òkun sì bò ó. Igi kédárì tó ti kú wà ní ìdúró níbẹ̀ títí dòní. Òrùka inú gbòǹgbò wọn, tó ń fi kún ara rẹ̀ lọ́dọọdún, fi hàn pé 1699 ni wọ́n dàgbà kẹ́yìn. Ní òdìkejì òkun, àwọn akọ̀wé Japan ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé sùnámì, ìgbì omi òkun ńlá, wọ ìlú wọn ní oṣù kìíní 1700, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n lára pé ilẹ̀ mì. Kenji Satake, onímọ̀ ìmìtìtì ilẹ̀, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò rẹ̀ padà sẹ́yìn ní 1996: ilẹ̀ etíkun Washington àti Oregon ló mì ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ 26 oṣù kìíní 1700, agbára rẹ̀ sì tó 9 lórí òṣùwọ̀n ìmìtìtì ilẹ̀. Mo ń ṣe ìwé ọ̀mọ̀wé mi lọ́wọ́ nígbà tí mo ka iṣẹ́ yẹn, n kò lè sùn lóru ọjọ́ náà. Òfin ilé kíkọ́ níbẹ̀ ti le sí i láti ìgbà tí wọ́n ti mọ ohun tó wà lábẹ́ wọn. Èrè tí bàbá rẹ ń bèèrè nìyẹn.

Ti Japan náà wà níbẹ̀. Láti 2007 ni ìkìlọ̀ ti ń dé ọ̀dọ̀ ará ìlú ní kété tí ilẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í mì, torí oríṣi ìgbì méjì ló ń gba inú ilẹ̀ kọjá: ìgbì P tó yára máa ń ṣáájú, ìgbì S tó ń wó ilé sì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tó láti bẹ̀rẹ̀ sí í dá rélùwéè dúró.

Ṣùgbọ́n n kò ní tàn ọ́, iṣẹ́ náà kì í dùn lójoojúmọ́. Odindi oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń fojú wá ibi tí ìgbì P ti bẹ̀rẹ̀, àkọsílẹ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn, títí ojú mi fi ń ta mí. Nígbà kan, a lọ hú ẹ̀rọ tí a rì sórí òkè fún oṣù mẹ́fà: omi ti wọ inú rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kejì. Mo jókòó sórí àpáta, mo sunkún. A tún òmíràn rì.

Ní ti ẹ̀kọ́, mú ìṣirò ní dandan, àti kọ̀ǹpútà: Python, èdè tí a fi ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Kọ́ nípa àpáta pẹ̀lú, kí o sì fi ẹsẹ̀ rìn lórí rẹ̀. Mo ti rí ọ̀mọ̀wé tó mọ ìgbì dáadáa tí kò dá òkúta mọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì fìdí múlẹ̀.

Má dúró de ọdún kẹrin. Ọ̀fẹ́ ni EarthScope, àjọ kan ní Amẹ́ríkà, ń fún èèyàn ní àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ, ọ̀fẹ́ ni ObsPy, ètò kọ̀ǹpútà tí o máa fi ṣí i. Mú ìmìtìtì ilẹ̀ kan tí kò jìnnà sí ẹ̀rọ. Wá ìbẹ̀rẹ̀ P, wá ìbẹ̀rẹ̀ S, ka ìṣẹ́jú àáyá tó wà láàárín wọn, sọ ọ́ di ìlọ́po 8. O ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ iye kìlómítà tó jìn sí ẹ̀rọ náà nìyẹn. Ṣe é níṣojú bàbá rẹ, kí o sì kọ̀wé sọ iye tí ẹ rí fún mi.